Ààlè, Àgádágodo àti Gíláàsì: Ìtàn Ìgbẹ́kẹ̀lé Nínú Ọjà Wa

Ní Pobè àti ní Sakété lónìí, ọ̀pọ̀ bùtíìkì ni ó ní ọ̀pá irin láàrin ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Oníbàárà a dúró níta, a nàka sí ohun tí ó fẹ́, a ti owó bọ inú ihò kékeré kan, ọjà a sì gba inú ihò náà jáde. Níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifóònù, inú àpótí gíláàsì tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá sì fẹ́ wọ ilé ìtajà ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu mọ̀ pé wọ́n lè ní kí òun fi àpò ìwé òun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé.

Bí a bá bi àwọn àgbà léèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé ayé ti bàjẹ́. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ènìyàn a máa gbé ọjà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò jí i. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ ìtàn ni láti yẹ ìdí ọ̀rọ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn baba ńlá wa ní kì í ṣe ìwà tí a bí mọ́ wọn. Wọ́n fi òfin, àmì, ẹgbẹ́ àti ìtìjú kọ́ ọ ni, wọ́n sì ní láti tún un kọ́ nígbà tí ó wó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí àwa náà kò fi lè tún un kọ́.

Ọjà tí kò ní olùṣọ́

Àṣà kan wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn tí ó ti dàgbà ṣì rántí. Àgbẹ̀ tí ó ní iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn tàbí igi ìdáná ju ohun tí ilé rẹ̀ lè lò lọ a kó wọn jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan ni yóò to òkúta wẹ́wẹ́ sí: iye òkúta ni ó ń sọ iye owó. Èrò ọ̀nà a ka òkúta, a mú ìdì kan, a fi owó ẹyọ sílẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, olóko a wá kó owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ọjà náà kò ní ẹ̀ṣọ́ rárá. Níbi tí ènìyàn kò bá sí, ààlè lè wà. Ààlè ni àmì tí ẹni tí ó ni nǹkan fi ń kìlọ̀ fún olè. Ó lè jẹ́ àkísà, àjákù bàtà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tí a ti jẹ hóró rẹ̀ tán, ata pupa tàbí màrìwò ọ̀pẹ, tí a so mọ́ igi tàbí tí a gbé lé orí ẹrù. Àjèjì yóò pè é ní pàǹtí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí: ẹni tí ó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ níhìn-ín, bí bàtà yìí ṣe di ohun àpatì ni òun náà yóò ṣe dà; bí ṣùkù yìí ṣe ṣófo ni ayé rẹ̀ yóò ṣe ṣófo. David Doris, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, kọ odidi ìwé kan lórí ààlè, tí ó jáde ní 2011. Ohun tí àwa ń rí lójú oko láìbìkítà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé ààlè ró. Èkíní, ẹni tí ń kọjá gbọ́dọ̀ lè kà á. Ìyẹn ni pé òun àti olóko gbọ́dọ̀ jọ gbọ́ èdè kan náà. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ gbà pé àṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ìtìjú, nítorí pé àwọn tí ń rin ọ̀nà oko mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ilé baba ara wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dá àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Òwe yìí kò ní agbára níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹni tí ó da àrán náà borí. Níbi tí a ti mọ̀ ọ́n, ó lágbára ju àgádágodo lọ.

Ọ̀nà kan náà, ẹ̀rù mìíràn

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí ìdì iṣu lè wà lẹ́bàá ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án, ọmọ tí ó ru iṣu náà wá lè má délé mọ́. Ogun Dàhómì ń jà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1886, láyé ọba Glèlè, ogun Dàhómì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Kì í sì í ṣe ogun nìkan ni ó ń kó ènìyàn. Gbọ́mọgbọ́mọ wà lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn sì wà tí gbèsè tàbí ẹjọ́ sọ di ẹrú. Àwọn Ọ̀họ̀rí tí ó wà ní àyíká Pobè rí ààbò nínú ilẹ̀ àbàtà tí ó yí wọn ká, èyí tí ó ṣòro fún àjèjì láti là kọjá nígbà òjò.

Nítorí náà, láàrin ìlú kan náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìfura jọ ń gbé. Ẹni tí kò jẹ́ jí iṣu aládùúgbò rẹ̀ lè wà lára àwọn tí ń dọdẹ ọmọ ìlú mìíràn. Kì í ṣe pé ìwà ènìyàn dára nígbà náà tí ó sì burú nísinsìnyí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ní ààlà. Ibi tí ojúlùmọ̀ parí sí ni òun náà ń parí sí.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà lára àwọn tí ó fi ìwádìí ṣí ojú ayé sí ọ̀rọ̀ yìí. Léonard Wantchekon, ọmọ Benin tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, tí ó sì dá African School of Economics sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, bá Nathan Nunn kọ iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 2011. Wọ́n mú ìdáhùn tí àwọn ará orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi mélòó kan, tí Benin wà lára wọn, fún Afrobarometer ní 2005, wọ́n sì fi wé iye ènìyàn tí a kó lẹ́rú nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láyé òwò ẹrú. Wọ́n rí i pé àwọn tí a kó ènìyàn púpọ̀ nínú ẹ̀yà wọn nígbà náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn lónìí: wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìbátan, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àwọn aláṣẹ ìlú wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ lè ta ọ̀rẹ́, tí ẹ̀gbọ́n lè ta àbúrò, òbí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìfura bí ó ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ náà yóò sì kọ́ ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà a máa pẹ́ ju òwò tí ó bí i lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé ìfura jẹ́ àṣà àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Àrùn àtijọ́ ni. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé lẹ́yìn irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ènìyàn tún lè tajà fún àjèjì ní àwìn.

Bí a ṣe tún un kọ́

Àwọn baba àti ìyá wa kò dúró de ìgbà tí gbogbo ènìyàn yóò di ènìyàn rere. Wọ́n dá ètò sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹgbẹ́ pàrakòyí ni ó ń bójú tó àwọn oníṣòwò, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè, tí ó sì ń dúró fún ẹni tí ó ti òkèèrè wá. Àjèjì tí ó bá wọ ìlú kì í wà láìní baálé tí yóò gbà á sílé. Bí àlejò náà bá ṣe àbòsí, ojú onílé rẹ̀ ni yóò tì. Nínú ọjà, ìyálọ́jà a parí ìjà kí ó tó dé ààfin. Níbi tí ẹ̀rí kò bá sí, a ó mú irin wá, ẹni tí ọ̀ràn kàn yóò sì fi Ògún búra.

Àjọ ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo wọn. Àwọn kan pè é ní èsúsú, àwa sì ti gba orúkọ Faransé mọ́ ọn, a ń pè é ní tọ́ńtíìnì. Obìnrin mẹ́wàá dá owó. Ọ̀kan kó o lọ ní ọjọ́ kìíní, ẹni ìkẹyìn sì ní láti dúró títí di ọjọ́ kẹwàá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó owó lè sá lọ. Kí ni kò jẹ́ kí ó sá? Kò sí ìwé, kò sí adájọ́. Àwọn ojú mẹ́sàn-án tí yóò máa rí lójoojúmọ́ ní ọjà ni. Ètò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí a kó lẹ́rú fi gbé e kọjá òkun: ní Trinidad, títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é.

Kí a má sì ṣe rò pé ìrẹ̀lẹ̀ nìkan ni gbogbo èyí. Ìwọ̀fà wà, níbi tí ènìyàn ti fi ọmọ tàbí ara rẹ̀ dúró fún gbèsè. Òṣómàáló náà wà. Wọ́n jẹ́ oníṣòwò aṣọ tí ó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, tí ń ta aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè, wọ́n á ní àwọn kò ní dìde títí owó yóò fi dé. Orúkọ wọn gan-an sọ ìtàn náà. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí wọn kò mọ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n mọ bí wọn yóò ṣe jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ bí ó bá kọ̀ láti san án. Ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìtìjú ń rìn pọ̀, bí ọmọ àti ìyá.

Rélùwéè, káńtà àti ààlà

Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 la ilẹ̀ wa sí méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, rélùwéè gba Sakété kọjá láti Àjàṣẹ́, ó sì dé Pobè. Epo pupa àti ekùrọ́ ni ó wá kó. Ní 1922, ìjọba Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, èyí tí ó ṣì wà títí di òní. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi CFAO sì ń ra ohun ọ̀gbìn, wọ́n ń ta aṣọ, iyọ̀ àti àwo.

Ìgbà náà ni òǹtajà àti òǹrajà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn láti ẹ̀yìn káńtà. Ọjà wà lẹ́yìn akọ̀wé, owó wà níwájú rẹ̀, òṣùwọ̀n sì wà láàrin. Nínú ọjà àtijọ́, òǹrajà a fọwọ́ kan ọjà, a dúnàádúrà, a béèrè ará ilé, a dúpẹ́ èènì. Ní káńtà, kò sí èènì. Òṣùwọ̀n tí àgbẹ̀ kò lè kà ni ó ń sọ iye tí ekùrọ́ rẹ̀ tó. Owó náà yí padà: ẹyọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kà, 40 nínú okùn kan, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan, fi ipò sílẹ̀ fún owó Faransé. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e. Láàrin 1914 sí 1916, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba náà. Ohun púpọ̀ ni ó fa ìjà náà, ṣùgbọ́n a lè sọ pé kò sí ìgbẹ́kẹ̀lé kankan láàrin aláṣẹ tí kò gbọ́ èdè ìlú àti ìlú tí kò rí ìdí tí òun fi ń san owó.

Gíláàsì ní òkè òkun

Àwọn tí ó gbé káńtà wá fún wa náà ti jáde kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ní 1852, ní Paris, Aristide Boucicaut sọ Le Bon Marché di irú ilé ìtajà tuntun: ẹnikẹ́ni lè wọlé, kí ó wo ọjà, kí ó fọwọ́ kàn án, láìsí pé ó jẹ́ dandan kí ó rà á, iye owó sì wà lára ọjà. Olè jíjà wọlé pẹ̀lú ọ̀làjú náà. Émile Zola, nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ *Au Bonheur des Dames*, tí ó jáde ní 1883, fi ìyàwó ọlọ́lá kan hàn tí ó ń jí aṣọ léèsì. Ní 1916, ní Memphis, Clarence Saunders ṣí Piggly Wiggly, níbi tí oníbàárà ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà láti orí pẹpẹ. Ilé ìtajà ńlá gbogbo tí a mọ̀ lónìí jẹ́ ọmọ ìgboyà yẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní Amẹ́ríkà kan náà, àwọn ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọṣẹ, oògùn ìfọyín àti oúnjẹ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Òǹrajà ní láti tẹ aago, kí ó dúró de òṣìṣẹ́ tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ wá. Wọ́n ní olè ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2023, ọ̀gá tí ń mójú tó owó ní Walgreens fúnra rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti ké jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńlá ilẹ̀ náà ní láti yọ iye kan tí wọ́n ti kéde lórí olè ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ kúrò, nítorí pé kò tọ́. Ní oṣù kìíní 2025, ọ̀gá àgbà Walgreens sọ ohun tí ìyá aláta èyíkéyìí ní ọjà Pobè ìbá ti sọ fún un: ọjà tí a bá tì pa kì í tà púpọ̀.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti 1972, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ ní ọdún náà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 2018, ó ti di ìdá 34. Ó hàn gbangba pé ọrọ̀ kò lè ra ohun tí ojúlùmọ̀ ń fúnni.

Ẹni tí ó fọ́ ìkòkò ní ilé tiwa

Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí a bá ń wá ẹni tí ó ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́, ọmọ kékeré tí ó jí mílíìkì ni a máa ń nàka sí. Ìtàn àìpẹ́ yìí sọ ohun mìíràn. Láàrin 1988 sí 1989, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba mẹ́ta dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò rí i gbà. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín agbára owó CFA kù sí ìdajì: 50 ni a ń fi pààrọ̀ faran Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100 lóòjọ́. Ní 2010, ICC Services, tí ó ṣèlérí èlé ńlá fún àwọn tí ó bá kó owó wá, wó lulẹ̀ pẹ̀lú owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ pàdánù owó ọ̀pẹ ogún ọdún kò nílò ẹnikẹ́ni láti kọ́ ọ ní ìfura.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn àjálù wọ̀nyí kì í ṣe àwọn tí a ń ní kí wọ́n fi àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olè kékeré wà, mo sì mọ̀ pé onísọ́ọ̀bù tí èrè rẹ̀ lórí páálí mílíìkì kan kò tó nǹkan kò lè fara da kí wọ́n jí agolo méjì. Irin rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n irin náà ń san gbèsè tí àwọn ẹlòmíràn jẹ.

Síbẹ̀, ẹ yọjú wo ẹ̀yìn irin náà. Ní ọ̀pọ̀ bùtíìkì, bí a tilẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé *le crédit est mort*, ìwé kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì tí orúkọ àwọn aládùúgbò kún inú rẹ̀: ti ìyá Ìyábọ̀, ti bàbá aránṣọ, ti olùkọ́ tí oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé. Irin ń wo àjèjì, ìwé àwìn ń wo ojúlùmọ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀nà kan náà, epo kpayo wà nínú ìgò lórí tábìlì, ẹni tí ó ni ín sì lè wà nínú ilé títí oníbàárà yóò fi pè é. Ìgò onígíláàsì ni, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Àdúgbò ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí ààlè mọ̀ tí gíláàsì kò mọ̀

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ààlè àti gíláàsì tí ó yẹ kí a rò. Ààlè kì í dá olóòótọ́ dúró. Ẹni tí kò ní èrò ibi lọ́kàn a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ra iṣu rẹ̀, a lọ. Olè nìkan ni ó ń bá wí, ọkàn rẹ̀ ni ó sì ń bá wí. Gíláàsì kò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọwọ́ ni ó ń dá dúró, ọwọ́ gbogbo ènìyàn sì ni. Ó ń sọ fún ọmọ ilé ìwé tí kò jí nǹkan rí pé a ti dá a lẹ́bi kí ó tó wọlé. Ọmọ tí a bá ń pè ní olè lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí ohun tí òun yóò pàdánù bí òun bá jí i.

N kò sọ pé kí a yọ gbogbo irin kúrò kí a sì so àkísà rọ̀. Àwọn tí ó lè ka ààlè ń dín kù, ìlú ti tóbi, ojú ọ̀nà Ìgólò sì ń gbé èrò tí a kò mọ̀ wá lójoojúmọ́. Ohun tí a lè ṣe ni ohun tí pàrakòyí àti alájọ ṣe: kí a mú kí àwọn tí ń ná ọjà kan náà mọ ara wọn. Kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn òbí jọ ní ibi tí wọ́n ti lè parí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó bá jí nǹkan, kí ó tó di ti ọlọ́pàá tàbí ti ìyà àwọn èrò ọjà. Kí ilé ìwé fi orúkọ rẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ rẹ̀, bí baálé ṣe ń dúró fún àlejò.

Iṣẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa ní pàtó. Àwọn tí ó mọ orúkọ àti ìtumọ̀ oríṣiríṣi ààlè ní àwọn oko Sakété àti ti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ń dín kù lọ́dọọdún. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá wọn ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé: irú ohun tí a fi ń ṣe é, ibi tí a ń so ó sí, ẹni tí ó ní àṣẹ láti so ó, àti ọ̀nà tí olè fi ń tọrọ àforíjì. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ètò tí ó mọ bí a ti ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ padà ni ó ń pẹ́.